Iṣẹ́ Ló Bí Ọdún: Orísun Ọdún Ọlọ́jọ́ àti Ohun Tó Ń Mú Ọdún Ìlú Tọ́jọ́

      

Nígbà tí àwọn alákòóso ẹgbẹ́ tó ń ṣe àjọ̀dún yìí kọ̀wé sí mi, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ọdún ìlú ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń pìtàn ní Ẹnuwá ní Ilé-Ifẹ̀, iwájú ààfin Ọọ̀ni ló ti ń pìtàn, àwọn tó ni ìtàn sì jókòó tì í, wọ́n ń gbọ́. Nítorí náà, ohun tí ẹ mọ̀ jù mí lọ ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n ó mú yín rìn dé ìlú òkèèrè, kí a lè jọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe dá ọdún tiwọn sílẹ̀, kí a tó padà wálé wá ro ohun tó kù fún wa láti ṣe.

Ohun tí mo wá sọ kò gùn. Iṣẹ́ ló bí ọdún. Ìlú kan rí oore gbà, tàbí ó bọ́ nínú ewu, tàbí ọmọ rẹ̀ kan ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Ìlú náà wá yan àwọn ènìyàn, ó fún oníkálukú ní ohun tí yóò máa ṣe lọ́dọọdún kí ọ̀rọ̀ náà má baà di ohun ìgbàgbé. Ìran tí àlejò ń wá wò, ẹ̀yìn iṣẹ́ ló ń tẹ̀lé. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, tí gbogbo ìlú sì di òǹwòran, kò ní pẹ́ tí ọdún náà fi máa ṣófo, bó ti wù kí ìlù dún tó.

Ohun tí àwọn àgbà sọ nípa Ọlọ́jọ́

Lọ́dọọdún, láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, ni Ifẹ̀ ń ṣe ọdún Ọlọ́jọ́. Bí ẹ bá bi àwọn àgbà léèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn wọn kò ní jẹ́ ẹyọ kan. Àwọn kan á ní ọjọ́ tí ilẹ̀ kọ́kọ́ mọ́ láyé ni à ń rántí, pé Olódùmarè tó ni ọjọ́ ni à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní Ògún ni, torí pé nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ ń bọ̀ wá sílé ayé, tí igbó dí mọ́ wọn lójú ọ̀nà, àdá irin Ògún nìkan ló ran igbó náà. Àwọn kan sì wà tó so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ Ọ̀ràńmíyàn, wọ́n ní òun ló ṣètò rẹ̀ kí ìlú lè máa bu ọlá fún Ògún.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe atótónu lè ní àwọn ìtàn yìí ń ta ko ara wọn. Lójú tèmi, ibì kan náà ni gbogbo wọn forí lé. Ẹnìkan mú kí ilẹ̀ mọ́; ẹnìkan lànà kí ẹlòmíràn tó kọjá; ẹnìkan sì rí oore méjèèjì, ó ní a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ìdí ọpẹ́ ni ọdún Ọlọ́jọ́ ti ṣẹ̀, ọpẹ́ sì ni gbèsè tí a kì í san tán lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń padà sídìí rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ Ògún. Nínú ààfin tó wà níwájú wa yìí ni Ògún Ládìn wà, irin gìrìwò kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jọ irinṣẹ́ kankan. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ Odùduwà ni Ládìn. Ẹ lọ wo Ọ̀pá Ọ̀ràńmíyàn pẹ̀lú. Òkúta náà ga tó nǹkan bíi mítà 5.5, ìṣó irin tó lé ní 100 ni wọ́n sì kàn mọ́ ọn lára. Ẹ jẹ́ kí a ro iye ọwọ́ tó wà nídìí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ní láti lu ihò sára òkúta tó le bí nǹkan mìíràn, kí ó má sì là á. Ẹnìkan ní láti rọ ìṣó tó bá ihò mu. Ẹnìkan jókòó ti ẹwìrì, ó ń fẹ́ná. Ẹnìkan sì ti lọ wa òkúta irin, ó ti yọ́ ọ kó tó di irin rárá. Kò sí ìkankan nínú wọn tí a mọ orúkọ rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ṣì dúró.

Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, wọ́n hú àwọn orí idẹ tó mú kí gbogbo ayé yanu. Àwọn onímọ̀ ní láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ ní Ifẹ̀. Mùsíọ́mù tí wọ́n ṣí ní Ẹnuwá níhìn-ín ní 1954 wà lára ibi tí a ti lè rí irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú tó ní alágbẹ̀dẹ àti asúdẹ tó mọṣẹ́ báyìí, tí ó bá gbé ojú ọdún rẹ̀ lọ sí ojúbọ Ògún, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ló ń bu ọlá fún.

Iṣẹ́ tí wọ́n pín

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọba ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Kí ojú ọdún tó pé, Ọọ̀ni á wọlé, á sé ara rẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Kò ní gba àlejò, kò ní jáde síta. Àdúrà àti ètùtù fún ìlú ló máa wà lẹ́nu rẹ̀. Ọba tí gbogbo ayé ń wá rí, ìlú ní kó fara pamọ́ kó lè gbọ́ ti ìlú. Iṣẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ tó nira sì ni.

Nígbà tó bá kù dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin láti ìdílé bàbá Ọọ̀ni àti ìdílé ìyá rẹ̀ á wá gbálẹ̀ ààfin. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ìgbálẹ̀ yìí, torí kì í sábà wà nínú ohun tí àlejò ń ròyìn nígbà tó bá padà délé. Ìgbálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa wọ̀nyí kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbogbo wa. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gbá, wọ́n á máa wúre. Aburú tó bá wà nínú ilé, wọ́n ń gbá a jáde. Kò sí fàdákà níbẹ̀, kò sí iyùn. Síbẹ̀, Ọọ̀ni kò ní jáde kí wọ́n tó gbálẹ̀ tán. Ẹ wo ọgbọ́n àwọn baba wa! Adé tó ga jù lọ nílẹ̀ Yorùbá ń dúró de ọwọ́ obìnrin tó di ìgbálẹ̀ mú.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ Òkè Mògún, tí í ṣe ojú ọdún gan-an. Ọọ̀ni á jáde pẹ̀lú adé Àrè lórí, adé tí Ifẹ̀ gbà pé ọ̀dọ̀ Odùduwà ló ti ṣẹ̀, tí ọba kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró ní Ẹnuwá lọ́jọ́ náà, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Bí adé bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ariwo “Kábíyèsí” á gba òfuurufú. Lábẹ́ ariwo yẹn, bí ẹ bá tẹ́tí sí ẹni tó dúró tì yín, ẹ ó gbọ́ pé àdúrà ló ń gbà. Ẹni tó ń wá ọmọ ń tọrọ ọmọ. Ọmọ ilé-ìwé ń bẹ̀bẹ̀ kí òun yege nínú ìdánwò. Awakọ̀ ń bẹ Ògún pé kí òun má fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀ lójú títì. A gbà pé àdúrà tí a bá gbà nígbà tí adé Àrè wà lórí Ọọ̀ni kì í lọ lásán. Nítorí náà, ẹni tí kò lóyè, tí kò nílù, tí kò ní aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn, òun náà níṣẹ́ lọ́jọ́ náà: ẹnu rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ní Òkè Mògún, Ọṣògún, àwòrò Ògún, ní tirẹ̀ láti ṣe nídìí ojúbọ. Àwọn ìjòyè á mú idà oyè wọn dání, wọ́n á ti fi ẹfun àti osùn sàmì sí i, wọ́n á sì jó sí ìlù bẹ̀ḿbẹ́. Ti ọba ni ìlù Oṣírìgì ní tirẹ̀, ẹni tó bá sì lù ú níbi tí kò yẹ ti jẹ̀bi. Àràbà, olórí àwọn babaláwo, á dífá fún ọba nísàlẹ̀ Òkè Ìtasẹ̀. Àwọn Ẹmẹsẹ̀ á máa jẹ́ iṣẹ́ ààfin lọ sókè sódò. Ọba fúnra rẹ̀ á tún ẹ̀jẹ́ tó bá ìlú jẹ́ ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ẹ bá yọ ẹyọ ẹnìkan kúrò nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, ọdún náà á ní àléébù, owó kò sì lè dí i.

Ìlú kékeré kan tó bí bàlúùnù

Ẹ jẹ́ kí a rìn jìnnà díẹ̀ báyìí. Ìlú kékeré kan wà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń pè ní Annonay. Ìwé ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìwé tí a ń kọ̀wé sí. Ìdílé Montgolfier wà lára àwọn tó ni iṣẹ́ náà. Méjì nínú àwọn ọmọ wọn, Joseph-Michel àti Jacques-Étienne, ṣàkíyèsí pé bí iná bá ń jó, ohun tó bá fúyẹ́ lókè rẹ̀ máa ń fò lọ sókè. Ìdí rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá gbóná, ó ń fẹ̀ sí i, ó sì fúyẹ́ ju èyí tó tutù tó yí i ká lọ, nítorí náà òkè ló ń lọ. Wọ́n ní bí a bá wá ká afẹ́fẹ́ gbígbóná mọ́ inú àpò ńlá kan ńkọ́?

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1783, wọ́n gbé àpò náà jáde sí gbàgede ìlú lójú gbogbo èèyàn. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi rán an, ìwé sì ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, ìwé tí wọ́n ń ṣe nílùú wọn. Bọ́tìnì ni wọ́n fi so abala aṣọ kan mọ́ èkejì. Wọ́n dáná koríko gbígbẹ àti irun àgùntàn sábẹ́ rẹ̀. Àpò tó wó sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń dìde díẹ̀díẹ̀, àwọn ọkùnrin tó yí i ká di okùn mú ṣinṣin torí ó ti ń fà wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbọ́ àṣẹ, wọ́n jọ tú u sílẹ̀. Ó gbéra, ó lọ sókè réré, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló lò kó tó balẹ̀ ní ibi tó jìn tó kìlómítà méjì.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, níwájú Ọba Louis Kẹrìndínlógún ní Versailles, wọ́n fi àgùntàn kan, pẹ́pẹ́yẹ kan àti àkùkọ kan ránṣẹ́ sókè, gbogbo wọn sì balẹ̀ láàyè. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá, ọkùnrin méjì, Pilâtre de Rozier àti d'Arlandes, wọ inú rẹ̀, wọ́n fò kọjá lórí ìlú Paris. Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, àwọn ni àkọ́kọ́ tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ láìsí okùn kankan tó dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Ìlú Annonay ò gbàgbé. Títí dòní, bí oṣù kẹfà bá dé, wọ́n ń ṣe ọdún bàlúùnù. Àwọn ará ìlú á wọ irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ ní 1783, wọ́n á sì ṣe ohun tí àwọn Montgolfier ṣe lójú gbogbo èrò. Iṣẹ́ ìwé tó bí ọdún náà kò sì tí ì parẹ́: ilé-iṣẹ́ ìwé Canson, tó ṣẹ̀ láti ìdílé kan náà, ṣì wà ní agbègbè náà. Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wa jọra? Àwọn tó ń ṣe ìwé fi ìwé dárà, ìlú wọn ń rántí. Àwọn tó ń rọ irin fi irin lànà, ìlú tiwa náà ń rántí.

Ọdún bàlúùnù tó lókìkí jù lọ láyé lónìí wà ní Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí ilé-iṣẹ́ rédíò kan níbẹ̀, KOB, ń ṣe àádọ́ta ọdún. Bàlúùnù 13 péré ló péjọ síbi tí àwọn oníbàárà ọjà ńlá kan máa ń gbé ọkọ̀ sí. Lónìí, bàlúùnù tó ń wá síbẹ̀ lóṣù kẹwàá máa ń lé ní 500. Kí ló gbé e dé ibẹ̀? Owó wà níbẹ̀, ojú ọjọ́ ibẹ̀ sì dára fún fífò. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an.

Ẹni tó ń wa bàlúùnù kò lè dá a fò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á tẹ́ aṣọ náà sórí koríko. Ẹni méjì á la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ kí fáànù lè fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú rẹ̀. Ẹlòmíràn á lọ síbi orí rẹ̀ níkangun kejì, á di okùn mú kó má baà yí. Nígbà tí awakọ̀ bá tan iná gáàsì, tí aṣọ bá sì dìde, àwọn kan á fara ti agbọ̀n náà kó má baà gbéra kí àkókò tó tó. Bó bá sì fò tán, àwọn tó kù nílẹ̀ á wọ mọ́tò, wọ́n á máa lé e, torí ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbé e lọ ló ń lọ, ẹnìkan sì ní láti wà níbi tó máa balẹ̀ sí. Iṣẹ́ ilẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń ké sí òǹwòran sí. Ẹni tó wá wòran lónìí lè bá ara rẹ̀ nídìí okùn lọ́la, bó bá sì ti di okùn mú lẹ́ẹ̀kan, á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, á mú ọmọ rẹ̀ dání.

Argungu àti Ìjẹ̀bú-Òde

Kò yẹ kí á lọ sí ilẹ̀ òkèèrè nìkan kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ọdún ẹja pípa ti Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi bẹ̀rẹ̀ ní irú bó ṣe wà lónìí ní 1934, nígbà tí Sultan Sókótó wá kí àwọn ará Kebbi lẹ́yìn ìṣọ̀tá ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Àwọ̀n àti igbá ni wọ́n fi gba àlàáfíà lálejò, àwọn apẹja ni wọ́n sì fún níṣẹ́ náà.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ojúde Ọba ti ìdí ọpẹ́ ṣẹ̀ bákan náà. Àwọn Mùsùlùmí ìlú lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó fún wọn láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn láìsí ìdènà. Balógun Kúkù, nígbà tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, kó ẹṣin àti ìlù tó ti ń lò nínú ọdún Òdèdá tẹ́lẹ̀ wọ inú ìkíni yìí. Lónìí, ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì ń bá wọn ṣe é. Ẹ wo ẹni tó gbé e ró: àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí tí wọ́n ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àti àwọn ìdílé Balógun tó ń gẹṣin. Kò sí ẹni tó máa dé ibẹ̀ láìmọ ẹgbẹ́ tí yóò bá jó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù wálé: àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń retí rẹ̀.

Ìgbà tí Ifẹ̀ tú

Ó kù ìtàn kan tí kò yẹ kí n fò, bó tilẹ̀ dunni. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun tú Ifẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìlú tú ní 1849, wọ́n padà sílé ní 1854. Ó tún tú lẹ́yìn náà, kò sì padà bọ̀ sípò títí di 1894, ọdún tí Ọba Adélékàn, Olúbùṣe Kìíní, gun orí ìtẹ́. Ẹ ro bó ti rí. Ilé wó, igbó bo ojúde, ọmọ bí ọmọ lẹ́yìn odi. Síbẹ̀, ojúbọ Òkè Mògún ṣì wà, ọdún ṣì wà. Ohun tó wà nínú ilé ni ogun lè jó. Ohun tí ìdílé mọ̀ pé ti òun ni láti ṣe, inú ọpọlọ àti inú ọwọ́ ló ń gbé. Ibi tí ẹsẹ̀ bá sá dé ló ń bá a dé, bí ẹsẹ̀ bá sì padà, á bá a padà.

Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ̀rù ti òde òní ju ti ogun lọ. Ogun kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ìtura lè gbà á. Ó rọrùn fún ọmọ Ẹnuwá lónìí láti dúró sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó na fóònù rẹ̀ sókè, kó ya fídíò ọdún bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò ti ń yà á. Ó rọrùn fún ìdílé tó ní iṣẹ́ láti ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ti dàgbà, àwọn ọmọ sì ti lọ. Bí ẹni tó mọ orin kan bá sì kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí fídíò mọ́lẹ̀ tó, kò lè mú un padà.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ bẹ̀ yín ní ohun mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, kí baálé agbo-ilé kọ̀ọ̀kan pe àwọn àgbà ilé jọ kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n sọ ohun tí ó jẹ́ ti ilé wọn nínú Ọlọ́jọ́ àti nínú àwọn ọdún Ifẹ̀ yòókù, bí Ẹdì tí a fi ń rántí Mọ́remí, àti Ìtàpá tó jẹ́ ti Ọbàtálá. Kí ọ̀dọ́ ilé kan gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara. Ohun tó jẹ́ awo, kí á fi sílẹ̀ fún àwọn awo. Èyí tó jẹ́ ti gbogbo ilé, kí ó má ṣe bá àgbà kan ṣoṣo sùn.

Èkejì, kí ilé-ìwé tó wà nítòsí ààfin má fi Ọlọ́jọ́ sínú ìwé ìtàn nìkan. Kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ gbọ́ Oṣírìgì àti bẹ̀ḿbẹ́, kí ó lè mọ èyí tó jẹ́ ti ọba yàtọ̀. Kí wọ́n mú wọn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí irin pupa lórí owú. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ẹ̀kẹta, mo mọ̀ pé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ láàárín wa, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ sídìí ojúbọ tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà. Ṣùgbọ́n ìlú jẹ́ ti gbogbo wa. Gbígbá Ẹnuwá kí èrò tó dé àti lẹ́yìn tí èrò bá lọ, fífi ọ̀nà han àlejò, bíbu omi fún arúgbó tó dúró nínú oòrùn, ìtọ́jú ẹni tó bá dákú láàárín èrò: ṣọ́ọ̀ṣì lè gba ọ̀kan, mọ́ṣáláṣí lè gba ọ̀kan. Ẹgbẹ́ yìí gan-an, tó ń ṣe àjọ̀dún lónìí, mo fẹ́ kí ó gba ìgbálẹ̀ Ẹnuwá. Àwọn ìyá wa ń gbá inú ààfin. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn máa gbá ìta.

Ẹ̀kẹrin, àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, Abújá, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá wálé ọdún, ẹ má kàn fún wọn ní àga níwájú. Ẹ fún wọn níṣẹ́. Ẹni tó mọ ètò kọ̀ǹpútà, kó bá wa tọ́jú ohùn tí a gbà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wálé, kó jókòó ti ibi ìtọ́jú. Ọmọ tí a kò fún níṣẹ́ nínú ilé bàbá rẹ̀, àlejò ni yóò máa pe ara rẹ̀ níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ tó wà lókè òkun náà sì wà lára rẹ̀.

Bí a bá ṣe èyí, a ó ti mú ọdún padà sí orísun rẹ̀. Àwọn tó dá Ọlọ́jọ́ sílẹ̀ kò gbé àga fún òǹwòran. Wọ́n wo ìlú láti orí ọba dórí ẹni tó ń gbálẹ̀, wọ́n bi oníkálukú pé kí ni yóò ṣe. Ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀, àwa ni ó sì kàn báyìí láti dáhùn.



    

Kí Olódùmarè jẹ́ kí á rí ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Kí Ògún má fi irin pa wá lára. Kí Ifẹ̀ tòrò, kí Ẹnuwá gbèrú. Ọdún á yabo.